Ìwé Gbèsè Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Ẹ̀yin ará, bí ìpín ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan bá ń já wálẹ̀ ní Nasdaq, ọjà ìpín kan ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń yá ìpín tà, tí wọ́n ń jèrè bó bá já wálẹ̀, ni gbogbo ènìyàn máa ń bú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ló ń jẹ ìpín yín.

Ká ní mílíọ̀nù 20 ni ìpín ilé-iṣẹ́ kan. Mílíọ̀nù 6 dọ́là ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ná mílíọ̀nù 3 lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Oṣù mẹ́fà péré nìyẹn. Báńkì kò dá a lóhùn. Ló bá yá mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ́wọ́ ẹnì kan tó sọ pé ìpín ni kí wọ́n fi san án, kí wọ́n wo owó ìpín tó kéré jù lọ́jà láàárín ọjọ́ 10, kí wọ́n sì yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò níbẹ̀.

Bí ìpín kan bá jẹ́ dọ́là 2, dọ́là 1.60 ni ayánilówó gbà á. Gbogbo gbèsè náà jẹ́ ìpín 3,125,000. Ó ń tà á ní dọ́là 2, títà yẹn sì ń fa ọjà wálẹ̀. Bí ọjà bá já sí sẹ́ǹtì 50 kí wọ́n tó san nǹkan kan, sẹ́ǹtì 40 ni ayánilówó á gbà á, gbèsè kan náà di ìpín 12,500,000. Ní sẹ́ǹtì 25, ó di mílíọ̀nù 25, ó ti ju gbogbo ìpín àtẹ̀yìnwá lọ! Ẹ má sì jẹ́ kí ìlà àdéhùn tó sọ pé ayánilówó kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 4.99 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ilé-iṣẹ́ lọ fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ohun tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ó lè gba díẹ̀, kó tà á, kó tún padà wá gba òmíràn.

Ẹni tó ń yá ìpín tà ńkọ́? Ó ń yá a nípasẹ̀ alágbàtà, ó ń tà á, ó ń retí àtirà á padà ní owó pọ́ọ́kú. Bí ọjà bá gbéra, àdánù rẹ̀ kò lópin. Ohun tó bá àwọn tó yá ìpín GameStop tà ní January 2021 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ayánilówó wa lè yá ìpín tà lónìí, kó fi ìpín gbèsè dá a padà lọ́la. Ìbẹ̀rù wo ló kù fún un? Ẹ wò ó bóyá àdéhùn ka èyí léèwọ̀.

Bí ìpín bá wà lábẹ́ dọ́là 1 fún ọjọ́ iṣẹ́ 30 léraléra, Nasdaq á kọ̀wé ìkìlọ̀. Ilé-iṣẹ́ sábà máa ń ní ọjọ́ 180 láti tún un ṣe. Wọ́n lè sọ ìpín mẹ́wàá di ẹyọ kan kí owó rẹ̀ lè ga, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa gbèsè rẹ́.

Ẹ lọ sórí EDGAR, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ìwé wọn sí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí ìwé 10-Q (ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta) tàbí 8-K (ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì), kí ẹ wá “conversion price”, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń sọ gbèsè di ìpín, lẹ́yìn náà “floor price”, ìyẹn iye tí owó náà kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ sẹ́ǹtì 50, mílíọ̀nù 5 dọ́là kò lè ju ìpín mílíọ̀nù 10 lọ. Bí kò bá sí rárá, kò sẹ́ni tó lè ṣírò ibi tí yóò dúró.