Ẹyin Tó Ń Sùn Nínú Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Adágún

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹrẹ̀ ló wà nínú ìgò tí mo gbé síwájú yín yìí. Ó dúdú, ó sì ń rùn díẹ̀, ẹ má bínú. Ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n ti bù ú. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó máa ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun abẹ̀mí ló wà níbẹ̀ tó ń sùn.

Zooplankton ni à ń pe àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí omi ń gbé kiri. Daphnia, ìbátan edé tó kéré gan-an, ni ààyò mi nínú wọn. Nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀, tí omi sì tù ú lára, abo Daphnia kì í wá akọ. Òun nìkan á máa bí abo bíi tirẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Àmọ́ tí ojúmọ́ bá ń kúrú, tí wọ́n pọ̀ jù, tí oúnjẹ sì ń tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí akọ, akọ á bá abo lò, ẹyin mìíràn á sì dé. Méjì ni ẹyin yìí sábà máa ń jẹ́, nínú èèpo dúdú líle kan lẹ́yìn ìyá wọn. Gàárì ẹṣin ni orúkọ tí wọ́n fún èèpo náà lédè Látìn túmọ̀ sí. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ẹ ó rí i pé wọn ò purọ́. Bí ìyá bá bọ́ awọ, gàárì á já, ọ̀pọ̀ á sì rì. Ọlẹ̀ inú ẹyin ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí.

Ìmọ́lẹ̀ àti ìyípadà nínú ooru omi ló sábà máa ń jí wọn. Èyí tí ẹrẹ̀ bá bò mọ́lẹ̀ kì í rí ìmọ́lẹ̀, ọ́síjìn ò sì tó o, nítorí náà oorun ni. Àwọn tó wà lókè pàápàá kì í jí pa pọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ọgbọ́n àgbẹ̀ tí kì í gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ tán nìyẹn.

Ẹrẹ̀ ọdún yìí máa ń bo ti èṣí. Tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ti ọ̀pá oníhò bọ inú rẹ̀, tí wọ́n gé e ní ìpele-ìpele, wọ́n lè mọ ọjọ́ orí ìpele kọ̀ọ̀kan. Cesium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, tí ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì tú sáfẹ́fẹ́, pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ 1963. Jàǹbá ilé iṣẹ́ átọ́míìkì Chernobyl náà fi àmì tirẹ̀ sí ẹrẹ̀ 1986 ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Ibi tó dùn jù nìyí. Omi ìdọ̀tí gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà ajílẹ̀, wọ adágún Constance, tó wà láàárín Jámánì, Switzerland àti Austria, títí cyanobacteria, ìyẹn bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, tí òmíràn nínú wọn ní májèlé, fi pọ̀ níbẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Nelson Hairston àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jí ẹyin Daphnia láti oríṣiríṣi ìpele, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní oúnjẹ tí cyanobacteria wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ńlá, tí wọ́n sùn kí omi tó bàjẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn fara dà á dáadáa. Ọdún 1999 ni àbájáde náà jáde. Ẹ rò ó wò ná: ìyá ńlá àti àrọ́mọdọ́mọ, nínú ìgò méjì, lọ́jọ́ kan náà!

Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti jí Daphnia láti inú ẹyin tó tó nǹkan bí 700 ọdún.

Ẹnì kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà bóyá àìsàn pàápàá ń sùn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú adágún kékeré kan ní Belgium, bakitéríà Pasteuria tó ń pa Daphnia lára wà nínú ìpele ẹrẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí àwọn méjèèjì, bakitéríà ìgbà kan náà ló rí Daphnia mú jù. Ti ìgbà tó ṣáájú àti ti ìgbà tó tẹ̀ lé e kò rí i mú tó bẹ́ẹ̀.