Ìgbì Wà Lójú Ọ̀run: Báwo Ni Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ó Ń Bọ̀?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ fojú inú wo ìkùukùu kan lókè, tó dà bí abọ́ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Atẹ́gùn ń fi eré burúkú gba inú ẹ̀ kọjá, síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ṣé ẹ ti rí odò tó ń ṣàn, tí omi ẹ̀ gun orí òkúta, tó wá ń ru sókè-sódò lẹ́yìn òkúta náà? Bí atẹ́gùn ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá gun òkè ńlá, á já wálẹ̀ lódì kejì, á tún ta sókè, á tún já wálẹ̀, ibi tó bá sì ti ga tó tutù lọ̀rinrin inú ẹ̀ ti ń di ìkùukùu. Ìgbì atẹ́gùn nìyẹn.

Àwọn tó ń wa bàálù tí ò ní ẹ́ńjìnì fẹ́ràn ìgbì yìí gan-an. Ní September 2, 2018, ní El Calafate ní Ajẹntínà, bàálù míì fa Perlan 2, ọ̀kan lára irú bàálù tí ò ní ẹ́ńjìnì yẹn, gòkè, ó já a sílẹ̀, ni Jim Payne àti Tim Gardner bá fi ìgbì nìkan gùn ún kọjá 76,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àmọ́ ìgbì yìí ń pààyàn o. March 5, 1966, bàálù BOAC, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ lójú ọ̀run nítòsí òkè Fuji ní Jápáànì, gbogbo èèyàn 124 tó wà nínú ẹ̀ ló kú.

Ó dáa, báwo la ṣe máa mọ̀ ṣáájú? Mọ́dẹ̀lì orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, á pín òfurufú sí àpótí-àpótí, á wá ṣírò atẹ́gùn inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wé àwọ̀n apẹja: tójú ẹ̀ bá fẹ̀ jù, ẹja wẹ́wẹ́ á jò lọ. Láti orí ìgbì kan sí ìkejì lè má ju kìlómítà 10 lọ, mọ́dẹ̀lì tójú àwọ̀n ẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 25 ò lè rí i rárá. Ìdí nìyẹn táwọn mọ́dẹ̀lì àdánwò fi ń lo kìlómítà kan tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gé ojú àwọ̀n sí ìdajì, àpótí á di ìlọ́po 4, kọ̀ǹpútà tún gbọ́dọ̀ máa ṣírò ní ìlọ́po 2, iṣẹ́ ti di ìlọ́po 8 nìyẹn, torí ẹ̀ àgbègbè kékeré kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ dán an wò ní March àti April 2006 ní Owens Valley, Califonia, T-REX ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Òkè Whitney, mítà 4,421, ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àfonífojì yẹn. Wọ́n kó bàálù ìwádìí lọ, wọ́n kó rédà lọ. Pé ìgbì ń bọ̀, mọ́dẹ̀lì máa ń mọ ìyẹn dáadáa. Rotor ló le, ìjì tó ń yí bírí bíi táyà lábẹ́ ìgbì, òun gan-an ló ń gbo bàálù jìgìjìgì. Ẹ yí atẹ́gùn tí ò tíì dé òkè padà díẹ̀ báyìí, díẹ̀ tí ẹ̀rọ ò tiẹ̀ lè wọ̀n yanjú, ìjì tó máa bọ́ sí àfonífojì lè di ńlá tàbí kó má wá rárá.

Ni wọ́n bá ń ṣe mọ́dẹ̀lì kan náà léraléra, tí wọ́n á máa yí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ká ní wọ́n ṣe é nígbà 20, tí 17 ní ìjì ń bọ̀, ìkìlọ̀ yá. Tó bá wá pín sí 10-10 ńkọ́? Èmi ò ní wọ bàálù lọ́jọ́ yẹn o.