Tarnish: Ọ̀rọ̀ Fún Ohun Tí Dídán Rẹ̀ Ń Ṣí

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni tarnish. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú wa dáadáa. Bí ìròyìn kan bá ti jáde nípa wọn, wọ́n á ní àwọn ọ̀tá ló fẹ́ "tarnish my image", ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ ba àwọn lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ara fàdákà àti idẹ gan-an ni ilé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a níbẹ̀.

Ẹ wo ṣíbí fàdákà yìí. Bí ẹ bá fi jẹ ẹyin sísè, tí ẹ ò tètè fọ̀ ọ́, ibi tí ẹyin ti kàn án á kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, lẹ́yìn náà á dúdú. Imí ọjọ́ tó wà nínú ẹyin ló ṣe é: òun àti fàdákà á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á di awọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Kódà, ṣíbí tí ẹnikẹ́ni ò lò náà á dúdú tó bá pẹ́, torí irú imí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bó ṣe ń dúdú yẹn là ń pè ní tarnish. Wúrà gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí: òkè ara ni dúdú yẹn mọ. Ìpẹtà irin yàtọ̀, torí ṣe ló máa ń jẹ irin wọnú. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá fọ́ tàbí tí aṣọ bá ya, ẹ má lo tarnish. Ohun tó ti ń dán tẹ́lẹ̀ la máa ń lò ó fún: idẹ, fàdákà, orúkọ rere, iyì. "The scandal tarnished his reputation" tọ̀nà, torí ọkùnrin náà ti níyì kí ọ̀rọ̀ ìtìjú náà tó bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí gbogbo ìlú ti mọ̀ sí olè tipẹ́, a kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Nǹkan lè tarnish fúnra rẹ̀, ẹnìkan sì lè tarnish nǹkan. Ọ̀rọ̀ kan náà la tún fi ń pe dúdú ọ̀hún. Bí ẹ bá fẹ́ mú un kúrò, ẹ tẹ́ fọ́ìlì alumíníọ̀mù sínú abọ́, ẹ gbé ṣíbí yìí lé e, ẹ da omi gbígbóná àti baking soda sí i. Imí ọjọ́ á fi fàdákà sílẹ̀, ẹ tiẹ̀ lè gbọ́ òórùn ẹyin bíbàjẹ́ díẹ̀. Bí ṣíbí bá ti mọ́, ẹ lè wá sọ pé: "The tarnish is gone."