Àwo tí Fugazi gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àkúrẹ́ la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Orin rọ́ọ̀kì la gbé dé lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn jùjú, ẹ má tíì lọ, torí ọmọ Oǹdó kan máa wọ inú ọ̀rọ̀ náà tó bá yá.

Lọ́dún 1992, ọkùnrin mẹ́rin kan gbéra láti Washington ní Amẹ́ríkà, ó di Chicago. Fugazi lorúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ian MacKaye àti Guy Picciotto ló ń ta gìtá, àwọn náà ló ń kọrin. Joe Lally wà nídìí gìtá báàsì, Brendan Canty sì ń lu ìlù. Steve Albini ni wọ́n lọ bá, ògbóǹtarìgì nídìí iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀, ẹni tí Nirvana náà gbé iṣẹ́ fún lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gba orin sílẹ̀, inú wọn dùn, wọ́n gbé e wálé. Ìgbà tí wọ́n wá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n rí i pé kò rí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n padà sí Inner Ear, sítúdíò Don Zientara ní Arlington, nítòsí ilé wọn, wọ́n tún un gbà látòkèdélẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni àwo *In on the Kill Taker*, ọdún 1993.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ta ló lè gbé iṣẹ́ tó ti parí jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì sùn dáadáa? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ẹni tó sì gbówó ọbẹ̀ kalẹ̀ ló máa ń sọ pé ó ti jinná. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gbé àwo jáde bá sanwó sítúdíò fún ẹgbẹ́ olórin, gbèsè nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó wọn nínú ìpín olórin kó tó rí kọ́bọ̀, ilé-iṣẹ́ náà ló sì sábà máa ń ni orin tí wọ́n gbà sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní ó tó, ó tó nìyẹn.

Fugazi kò wọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rárá. Dischord ló ń gbé àwo wọn jáde, ilé-iṣẹ́ kékeré tí MacKaye àti Jeff Nelson dá sílẹ̀ lọ́dún 1980. Wọn kì í tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn níbẹ̀: tí owó tí wọ́n ná bá ti wọlé, wọ́n á pín èrè. Wọ́n máa ń tẹ iye owó àwo sẹ́yìn ẹ̀, kí ọlọ́jà kankan má baà bu owó lé e. Owó ìwọlé eré wọn nígbà náà kì í sábà ju dọ́là 5 lọ. Wọn ò ní máníjà, wọn ò ta tíṣẹ́ẹ̀tì.

Ibi tó wù mí jù ni bí orin fúnra ẹ̀ ṣe ń dàgbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á jókòó ti ohun èlò, ẹnì kan á ju nǹkan kékeré kan sílẹ̀ lórí gìtá, onílù á tẹ̀ lé e, wọ́n á gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á tẹ́tí sí i, wọ́n á gé orí èyí, wọ́n á fi so mọ́ ìdí tọ̀hún. Orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lórí orin náà. Tí wọ́n bá gun orí ìtàgé, wọn ò ní ìwé tó to orin lẹ́sẹẹsẹ. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù á bá a gbé e. Ìyẹn ni pé orin ti jẹ ìyà lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn kó tó dé iwájú gbohùngbohùn sítúdíò.

Àbí ẹ rò pé nǹkan àjèjì nìyí? Lọ́dún 1974, Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, kúrò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo ẹ̀ jáde, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Nílé níbí, orin kan lè gba odidi ojú àwo kan, bíi ìṣẹ́jú méjìdínlógún, láìdúró. Ìgbà tó bá Island, ilé-iṣẹ́ àwo àwọn òyìnbó, ṣiṣẹ́ láàárín 1982 sí 1984, wọ́n gé orin kúrú fún etí àwọn òyìnbó. Lẹ́yìn àwo mẹ́ta, kálukú bá tiẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀gá wa kò dákẹ́ lọ́jọ́ kan, torí ilé-iṣẹ́ àwo tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ẹgbẹ́ olórin ní FUTA, ní Ìjàpọ̀, ní Òkè-Àró, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Tí ẹ bá wọ sítúdíò, wákàtí-wákàtí lẹ ń sanwó, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń jó lẹ́yìnkùlé. Ẹ má lọ dá orin níbẹ̀. Ẹ fi fóònù gba ìgbáradì yín sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ ọ́ níwájú èèyàn. Ti pé kí ẹ máà kọ àdéhùn sílẹ̀, mi ò ní tẹ̀ lé Fugazi débẹ̀: ẹ kọ bí ẹ ó ṣe pín owó sórí ìwé kí orin tó gbajúmọ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì tó san owó sítúdíò, ẹ bi onítọ̀hún léèrè bóyá ẹ ó gba gbogbo fáìlì yín, ti gìtá lọ́tọ̀, ti ìlù lọ́tọ̀, ti ohùn lọ́tọ̀. Tó bá ní rárá, ẹ wá sítúdíò mìíràn.