Ibo Ló Yẹ Kí Ẹ Dé Sí ní Gíríìsì fún Etíkun àti Ìrìn Ẹsẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa. Ẹni tó fẹ́ lọ sinmi ní Gíríìsì, tó fẹ́ wẹ̀ nínú òkun lónìí, tó tún fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láàárín òkè lọ́la, ibi tó máa sùn ni kó kọ́kọ́ rò. Bí ilé tí ẹ gbà bá jìnnà sí òkun, tó tún jìnnà sí ọ̀nà ìrìn, inú bọ́ọ̀sì lẹ ó ti lo ìsinmi náà tán.

Santorini lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Lóòótọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti Fira lọ sí Oia, nǹkan bíi kìlómítà 10, dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n orí bèbè òkè gíga ni ìlú méjèèjì wà. Kamari àti Perissa, níbi tí èèyàn ti lè nà gbalaja létí omi, wà ní òdìkejì erékùṣù. Èmi ò ní rán ẹni tó ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ síbẹ̀.

Erékùṣù Naxos sàn jù ú lọ. Inú ìlú Chora ni kí ẹ dé sí, lápá ibi tí etíkun Agios Georgios wà. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi dé inú omi, ẹsẹ̀ náà lẹ ó fi dé ibùdókọ̀ tó wà lẹ́bàá èbúté. Bọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń lọ sí Halki àti Filoti, níbi tí ọ̀nà ìrìn ti wọ àárín igi ólífì, tí Òkè Zas sì ga tó nǹkan bíi mítà 1,000. Etíkun Plaka rẹwà ju Agios Georgios lọ, àmọ́ ẹni tó bá sùn ní Plaka á máa dúró de bọ́ọ̀sì láràárọ̀ tó bá fẹ́ rìn.

Ibi tó wù mí jù wá ni gúúsù ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Kírétè. Ẹ wá àwọn ìlú yìí lórí máàpù: Paleochora, Sougia, Agia Roumeli, Loutro, Chora Sfakion. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn létí Òkun Líbíà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ E4 so wọ́n pọ̀, ọkọ̀ ojú omi náà sì ń ná ọ̀nà yẹn. Ẹ ó fẹsẹ̀ lọ, ẹ ó wọkọ̀ bọ̀.

Paleochora ni màá ní kí ọ̀pọ̀ yín dé sí. Bọ́ọ̀sì láti ìlú Chania ń dé ibẹ̀. Ilẹ̀ tó yọ sínú òkun bí ahọ́n ni ìlú náà jókòó lé: iyanrìn ni etíkun ìwọ̀-oòrùn, òkúta wẹẹrẹ ni ti ìlà-oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń da ìhà kan láàmú, ẹ kọjá sí ìhà kejì. Lọ́jọ́ ìrìn, ẹ wọkọ̀ lọ sí Sougia. Láti èbúté ibẹ̀ lẹ ó ti wọ àlàfo tóóró kan láàárín àpáta, níbi tí igi ti ń ṣíji boni. Ẹ ó gòkè jáde sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀ sí Lissos, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Tẹ́ńpìlì Asklepios, òrìṣà ìwòsàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, wà níbẹ̀, àwọn òkúta wẹẹrẹ aláràbarà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀ ṣì ń bẹ.

Loutro wà fún ẹni tí eékún rẹ̀ le. Mọ́tò kì í dé ìlú náà. Ọ̀nà tó gòkè lọ sí Anopoli ga ní nǹkan bíi mítà 600, ó sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rìn lọ sí etíkun Glyka Nera: ẹ fọwọ́ gbẹ́ òkúta wẹẹrẹ létí òkun, omi dídùn tó tutù á sun jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27, èbúté Fíníkè tí àwọn atukọ̀ Pọ́ọ̀lù fẹ́ sá òtútù sí, ìtòsí Loutro yìí ni.

Oṣù Karùn-ún, Oṣù Kẹfà tàbí Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ lọ. Oòrùn Oṣù Kẹjọ kò ṣeé fi rìn lórí E4, igi ò pọ̀ níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó yàrá, ẹ bi onílé pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ojú pópó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen, kódà bó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á béèrè ẹ̀rí ibi tí ẹ máa sùn, nítorí náà ẹ gba yàrá tí wọ́n máa dá owó rẹ̀ padà bí físà ò bá jáde.

Ọkọ̀ ojú omi kì í jáde bí ìgbì bá le. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ á wá, kí ẹ sì gba nọ́ńbà onítakisí kan ní Sougia.