Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Ọdún Kẹfà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí kan sọ ní Ado-Ekiti nìyí, lórí ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó fi ọmọ sí iléèwé girama aládàáni tuntun, nígbà tí ìsinmi gígùn ku díẹ̀ kó parí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Mo ti yọ púpọ̀ nínú àwàdà rẹ̀ kúrò, àfi èyí tó kọ̀ tí kò yọ.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí. Ẹ kú ìnáwó ọmọ. Mo mọ ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ pè mí. Ọmọ ti parí pámárì, iléèwé girama tuntun kan ti ṣí sí àdúgbò, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà mèremère, wọ́n ti pín ìwé ìpolówó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ní àádọ́ta ọmọ tó bá kọ́kọ́ wọlé kò ní san owó fọ́ọ̀mù. Bàbá ọmọ ní ká mú un lọ, ìyá ní ká ṣe sùúrù. Nílé ibòmíràn, ìyá ló ń kánjú.

Ẹ má rò pé mo wá bú iléèwé tuntun. Olùkọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì tíì rí iléèwé tí wọ́n bí tòun ti irùngbọ̀n. Christ's School tí gbogbo wa fi ń yangàn yẹn, tuntun ni lọ́dún 1933. Ekiti Parapo College ní Ido-Ekiti, àwọn ọmọ Ekiti ló dáwó jọ kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń wá bí tirẹ̀ náà yóò ṣe ní girama. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ irú ibẹ̀ kò ní ẹ̀gbọ́n tó ti jáde níbẹ̀ tí wọ́n lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Àmọ́ ìlú ló ni iléèwé ìgbà yẹn, tàbí ìjọ. Ọ̀gá iléèwé lè lọ, ìlú ò ní lọ. Èyí tí ẹ̀ ń wò yìí, ẹnì kan ló ni ín, àpò ẹnì kan ni owó oṣù olùkọ́ ti ń jáde. Ẹni yẹn gan-an ni ẹ̀ ń fa ọmọ yín lé lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa ju bí ẹ ṣe ń wo ilé tó kọ́ lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé dání lọ: níbo ni ọmọ mi yóò wà lọ́dún kẹfà? Ọmọ tó bá wọ JSS1 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, bí nǹkan ò bá yí padà, ọdún 2031 ni yóò jókòó ṣe Wáẹ̀kì. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fi hàn yín lónìí, ti JSS1 ni: kíláàsì tó mọ́ tónítóní, àga tuntun, kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sójú kan. Ìyẹn dára, torí láti ọdún 2015 ni gbogbo ẹni tó ń ṣe JAMB ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fẹ́ ṣe kẹ́mísírì ní SS2 yóò nílò burette àti pipette, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà, yóò nílò iná gáàsì àti omi ẹ̀rọ tó ń yọ, yóò sì nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Mo ti wọ lábù kan rí tí gbogbo burette inú kọ́bọ́ọ̀dù ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà wọ́n, eruku ti bo ọ̀rá náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ SS3 ibẹ̀ ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ wá ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí iléèwé aládàáni. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín, kẹ́ ẹ sì kà á: ṣé JSS nìkan ló dárúkọ ni, àbí ó kan SS? Lẹ́yìn ìyẹn, Wáẹ̀kì fúnra rẹ̀ a máa wá wo iléèwé kó tó gbà pé kó máa forúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á wo lábù, wọ́n á wo láíbìrì, wọ́n á wo olùkọ́ àti ibi tí wọ́n máa jókòó ṣe ìdánwò. Iléèwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní JSS1 kò tíì lè ní ìwé ti Wáẹ̀kì, ẹ má fi ìyẹn bá wọn jà. Ẹ bi olùdásílẹ̀ pé ọdún wo ló fẹ́ kọ́ lábù, orí ilẹ̀ wo, owó wo. Bó bá ní Ọlọ́run yóò pèsè, ẹ ṣe àmín, kẹ́ ẹ sì tún ìbéèrè náà bi í.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé iléèwé tí Wáẹ̀kì kò bá mọ̀, ṣe ló máa ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn tí SS3 bá dé. Òbí á san owó mìíràn. Máàkì tí ọmọ ti gbà láti SS1, èyí tí Wáẹ̀kì ń gbà lọ́wọ́ iléèwé láti fi kún ìdánwò, iléèwé tí kò kọ́ ọ rí ni yóò fi í ránṣẹ́. Ọ̀nà yẹn náà ni àwọn kan ń gbà bọ́ sí ibi tí aráàlú ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ. Ọmọ tó mọ̀wé á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí Wáẹ̀kì bá sì dá èsì dúró, ó lè jẹ́ ti gbogbo wọn ni yóò dá dúró.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi nìyí: olùkọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú yín yí ọgbà po tán kí wọ́n wá fún yín ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí tábìlì àkókò ẹ̀kọ́ tó wà lára ògiri. Bí ẹ bá rí orúkọ kan náà níbi ìṣirò, níbi sáyẹ́ǹsì, níbi iṣẹ́ àgbẹ̀ àti níbi CRS, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ìlànà ìjọba ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní, TRCN, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló sì ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ẹ bèèrè iye olùkọ́ wọn tó ní NCE, àti iye tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ TRCN. Ẹ tún bèèrè iye tó jẹ́ agùnbánirọ̀. Àwọn agùnbánirọ̀ wa ń ṣe dáadáa o, inú mi dùn sí wọn, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni wọ́n ń lò. Iléèwé tó jẹ́ pé àwọn ló gbé e ró, ọdọọdún ni yóò máa wá olùkọ́ ìṣirò.

Bí iléèwé náà bá ti lo sáà ẹ̀kọ́ kan ó kéré tán, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ọmọ kan tó wà níbẹ̀, ìwé ìṣirò tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣí i láti àárín. Ṣé bírò pupa wà nínú rẹ̀? Ṣé àmì pé ó tọ́ nìkan ni olùkọ́ ń fà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, àbí ó ń tọ́ka sí ibi tí ọmọ ti ṣì í, tí ọmọ sì tún un ṣe? Ìwé yẹn kò lè parọ́ fún yín, olùdásílẹ̀ lè pa á.

Ti owó kò gùn. Ẹ gba àpapọ̀ sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìwé, tòun ti yunifọ́ọ̀mù, ìwé, ẹ̀kọ́ àfikún ìrọ̀lẹ́ àti ayẹyẹ ìparí ọdún. Owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n dárí rẹ̀ jì yín, inú ibẹ̀ ni yóò ti yọ.

Bọ́ọ̀sì ni ó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì iléèwé kan lọ́nà ní agbègbè Emure-Ekiti, wọ́n kó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún àti àwọn olùkọ́ wọn lọ, ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní iléèwé òun wà lẹ́yìn ìlú níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára, mo máa ń bèèrè ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà, aago tó ń gbéra, àti ẹni tó ń jókòó tì dírẹ́bà.

Nígbà tí a dé ibi ìbéèrè, ìyá kan dìde. Ó ní, "Màmá, ọmọ mi ti wà ní JSS2 níbi tí wọn ò tíì fi ìwé kankan hàn wá. Ṣé kí n yọ ọ́ báyìí?" Mo ní kó má yọ ọ́ lójijì. Kó kọ́kọ́ bèèrè iléèwé tí wọn yóò ti forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JSS3. Bí JSS3 bá bẹ̀rẹ̀ tí ìwé ò sí, kó ti máa wá ibòmíràn, kí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ SS1 ní ibi tí yóò parí sí. Ìyípadà ní SS2 ló ń dáni lágara, torí ẹ̀kọ́ tí ọmọ yàn lè má sí níbi tuntun.

Bàbá kan wá bèèrè pé bí olùdásílẹ̀ bá bínú ńkọ́, tó ní kí ni òbí fẹ́ fi ìwé àṣẹ ṣe. Mo ní kó kí i pé ó dàbọ̀, kó gba Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ lọ ní sẹkitéríàtì ní Ado, kó bi wọ́n níbẹ̀. Kó kọ orúkọ iléèwé náà dání bó ṣe wà lára pátákó gẹ́lẹ́, kó sì bèèrè bóyá orúkọ yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí, torí mo ti rí ibi tí ti pátákó àti ti inú ìwé kò ti bára mu.