Ẹ̀gẹ́ tí Wọ́n Bọ̀ fún Wa ní Cu Chi

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú alẹ́, ìgbà yòówù tó bá bá yín. Àkúrẹ́ ni mo wà o, mi ò sí ní Melbourne lọ́sẹ̀ yìí. Ilé wa ní Òkè-Àró ni mo ti ń sọ̀rọ̀, torí náà tí ẹ bá gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, tàbí ẹni tó ń polówó búrẹ́dì lójú ọ̀nà, ẹ fara mọ́ ọn. Ariwo ìlú mi ni, ó sì ń dùn mọ́ mi. (Ẹ̀rín.)

Ọ̀rọ̀ ihò abẹ́ ilẹ̀ tí mo lọ wò ní Cu Chi, ní Vietnam, ni ti òní, èyí tí àwọn ajagun kọ́múníísì ibẹ̀ gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń bá Faransé jà, lẹ́yìn náà Amẹ́ríkà. Àwọn tó rí fọ́tò ti ń bi mí tipẹ́, mo sì ń sún un síwájú, torí pé nínú gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gẹ́, àti ọwọ́ ọkùnrin kan. Ẹ jẹ́ n máa bọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń débẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ bàálù dé Ho Chi Minh City, Saigon àtijọ́ nìyẹn, ẹ sanwó fún àwọn tó ń kó àlejò kiri, bọ́ọ̀sì á wá gbé yín láàárọ̀, ẹ ó sì padà nírọ̀lẹ́. Ìyókù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi méjì ni wọ́n ń mú àlejò lọ ní Cu Chi, Ben Dinh àti Ben Duoc. Ben Duoc ni wọ́n mú àwa lọ.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ilẹ̀ pupa! Ó pupa bíi ti ẹ̀yìnkùlé wa níbí, èyí tó máa ń ba ìbọ̀sẹ̀ funfun jẹ́. Amọ̀nà wa ní ilẹ̀ yẹn ló bá wọn ṣe é: tó bá rin, ó gbà kí wọ́n gbẹ́ ẹ; tó bá wá gbẹ tán, ó le, kì í ṣàdédé ya lulẹ̀. Ọkọ́ kékeré àti apẹ̀rẹ̀ oparun ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń bá Faransé jà, lẹ́yìn ọdún 1945, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà fi máa gbóná láàárín ọdún 1960 sí 1969, ihò náà ti gùn tó 250 kìlómítà. Láti Àkúrẹ́ dé Ìbàdàn ò tó bẹ́ẹ̀ o! Ipele mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ilé ìdáná wà níbẹ̀, ibi ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin bímọ níbẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà gígùn fún èéfín lábẹ́ ilẹ̀ kó lè fọ́n ká kó tó yọ síta, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n sì ń dáná, kí èéfín lè dà pọ̀ mọ́ ìkùukùu.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fún wọn, òkìtì ọ̀gán ni wọ́n fi pa á mọ́. Mo pariwo níbẹ̀ ni. (Ẹ̀rín.) Ta ló ń wo òkìtì ọ̀gán lẹ́ẹ̀mejì nínú oko? Nígbà tí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà kó ajá wá láti gbóòórùn wọn, àwọn tó wà nínú ihò da ata sí ẹnu ihò, wọ́n tún ń fi ọṣẹ àwọn ará Amẹ́ríkà wẹ̀, kí ajá lè rò pé olówó òun ni. Ọgbọ́n wọn wú mi lórí gan-an.

Mo wọ inú ihò yẹn, mo sì jáde. Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ fún àwa àlejò, síbẹ̀ orúnkún ni mo fi ń rìn, ooru mú mi, ènìyàn ò lè yí padà níbẹ̀. Ó tán.

Ẹ̀gẹ́ ló kù.

Wọ́n kó wa jókòó sídìí tábìlì gígùn kan lábẹ́ òrùlé ewé. Wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ wá, ó funfun, ó ń rú èéfín, wọn ò tí ì yọ fọ́nrán tó wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀pà gígún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti po iyọ̀, ṣúgà àti yànmọ̀tí mọ́ ọn, àti tíì tí wọ́n fi ewé olóòórùn dídùn kan sè. Amọ̀nà ní oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nígbà ogun nìyẹn, nígbà tí ìrẹsì wọ́n. Obìnrin kan lápá ọ̀tún mi gé díẹ̀ jẹ, ó fajú ro, ó dá a padà sínú àwo. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní ìyà mà jẹ àwọn ènìyàn yìí o.

Mo ti jẹ tèmi tán.

Ẹ̀yin ará mi, ó dùn mí. Ìyá mi ni mo rántí. Púpurú ni ìyá mi fi tọ́ wa, èyí tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n sì yan lórí iná títí ara rẹ̀ á fi dúdú. Gàrì ni mo gbé lọ sí yunifásítì. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìyà ni mò ń jẹ. Obìnrin yẹn ò ní in lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni, mo mọ̀, ó tiẹ̀ káàánú wọn. Àmọ́ ọ̀fun mi dí.

Amọ̀nà wa rí àwo mi tó ti ṣófo. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Ó bi mí bóyá mo mọ oúnjẹ yìí tẹ́lẹ̀, mo ní oúnjẹ ilé wa ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ti àwo tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó fà sún mọ́ mi. Ó ní ọmọdé lòun nígbà náà, inú òkùnkùn ni ìyá òun ti máa ń bó ẹ̀gẹ́, torí wọn kì í tan iná kí àwọn tó wà lókè nínú bàálù má bàa rí wọn.

Ibi tó ń sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìbọn fi dún.

Ẹ má jáyà. Wọ́n ní ibi kan nínú ọgbà yẹn tí àlejò ti lè ra ọta kí wọ́n fún un ní AK-47 tàbí M16, kó yìn ín fún ìgbádùn. Ó dún, gbàù! Amọ̀nà wa fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife tíì rẹ̀. Ó tún dún, ó tún bò ó. Mo rò pé eṣinṣin ló ń lé, ṣùgbọ́n kò sí eṣinṣin. Ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò wo ife yẹn rárá, ọwọ́ rẹ̀ ló ń dá lọ, tó ń dá bọ̀. Mo bi í pé, bàbá, kí ló dé tí ẹ̀ ń bo ife? Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí bọ́ǹbù bá ń bọ́ lókè, iyẹ̀pẹ̀ a máa já látorí ihò bọ́ sínú oúnjẹ, ìyá òun ló kọ́ àwọn láti máa bò ó.

Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀.

Ogun yẹn parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975.

Ó dáa. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹnì kan ti ń sọ ọ́ báyìí: ìwọ ọmọ Àkúrẹ́, Òkè Ìdànrè wà nítòsí yín, o wá lọ náwó sí ihò àwọn ẹlòmíì! Ẹ jọ̀wọ́, mo ti gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn yẹn lé ní 600, mo gùn ún dé òkè, mo rí ààfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́. Orí òkè yẹn ni gbogbo ìlú wà, torí pé ibẹ̀ ò rọrùn fún ogun láti gùn wá bá wọn, títí di ọdún 1923 tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí wọ́n wà báyìí. Láti ọdún 2007 ló ti wà nínú ìwé UNESCO lára àwọn ibi tí wọ́n ṣì máa gbé yẹ̀ wò bóyá kí wọ́n kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Mo fẹ́ràn ibẹ̀, mo sì mú àwọn ọmọ mi lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bo ife fún mi níbẹ̀! Àwọn tí ogun bá lórí òkè yẹn ti kú tipẹ́. Ní Cu Chi, ẹni tó jẹ iyẹ̀pẹ̀ gan-an ló jókòó tì mí. Ohun tí mo lọ rà nìyẹn, owó mi ò sì ṣòfò.

Ẹlòmíì á ní, ikú àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣọjà. Mo gbà á ní ti ibi ìyìnbọn yẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo láṣẹ, mi ò ní jẹ́ kó lo ọjọ́ kan sí i. Báwo ni wọ́n ṣe máa ní kí ọkùnrin yẹn máa gbọ́ ìró yẹn lójoojúmọ́ kó tó lè jẹun? Ṣùgbọ́n ihò yẹn ńkọ́? Ṣé kí wọ́n dí i pa ni? Tẹ́ḿpìlì kan wà ní Ben Duoc níbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sára ògiri rẹ̀, orúkọ tó lé ní 44,000. Mo rí ìyá àgbà kan tó ń fi ìka wá orúkọ kan, tí ọmọ kékeré kan ń bá a kà á. Ẹ lọ sọ fún ìyá yẹn pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ́ kí ògiri yẹn mọ́. Kí àlejò máa sanwó dáa ju kí koríko bo orúkọ ọmọ ẹni lọ, mi ò ní yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìyẹn.

Ẹ tún lè ní mò ń gbè sẹ́yìn àwọn kọ́múníísì. Rárá o. Ọsirélíà ni mò ń gbé, nǹkan bí 60,000 ọmọ Ọsirélíà ló lọ sí ogun yẹn, ó lé ní 500 tó kú. Àwọn ọmọ ogun wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ra wọ inú ihò yẹn lọ jìnnà, ní oṣù Kìíní ọdún 1966, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì àti ìbọn kékeré lọ́wọ́. Mo ti tọ́jú àgbàlagbà tó lọ sí Vietnam rí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sùn. Mo sì rí i pé fíìmù tí wọ́n fi hàn wá ò mẹ́nu kan àwọn ọmọ Vietnam tó wà lápá ìjọba Saigon, tí Amẹ́ríkà ń gbè lẹ́yìn, bí ẹni pé àwọn ará òkèèrè nìkan ni wọ́n bá jà. Mo bi amọ̀nà nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun wà lápá ọ̀hún. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì tún bi í.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé Ọ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀”. Bọ́ọ̀lù le, a sọ ọ́. Ìdánwò le, a sọ ọ́. Tí a bá gba Oǹdó lọ sí Èkó nígbà tí mo wà ní kékeré, Ọ̀rẹ̀ la ti ń sọ̀ ra oúnjẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba Benin. Ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ló ṣáájú wọn. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lé wọn padà, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti pa Banjo ní Enugu, Biafra fúnra rẹ̀ ló pa á. Ta ló máa sọ ìtàn ọkùnrin yẹn tì sápá kan?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Àgbà la máa ń pè wọ́n, ìyàwó kékeré ni wọ́n ní Ọ̀rẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń ránṣọ. Mo ti mọ̀ pé wọ́n gbé Ọ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ọ̀rọ̀ amọ̀nà yẹn fún wọn, mo fi ọwọ́ ṣe é hàn wọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn wọ yàrá.

Orí máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n fi hàn mí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ṣọ́jà ń bọ̀, wọ́n tú u kúrò lórí tábìlì rẹ̀, wọ́n fi ògbólógbòó ìró wé e, wọ́n gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ àgò adìyẹ, wọ́n rì í síbẹ̀, wọ́n sì sá lọ sóko. Ẹ ò rí i? Abẹ́ àgò adìyẹ! Nígbà tí wọ́n padà, àdín ni wọ́n fi rọ̀ ọ́ kó tó lè yí. Mo fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà ti ṣí kúrò lápá kan níbi tí ìyẹ̀pẹ̀ ti jẹ ẹ́, ó rí págunpàgun lábẹ́ ìka.

Mo ní, Ìyá Àgbà, ṣọ́jà ta ni ẹ̀ ń sá fún? Wọ́n ní lójú àwọn, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Mo ní ta ni ẹ ti sọ èyí fún? Wọ́n ní, “Àwa tá a jọ sá la jọ ń sọ ọ́.” Wọ́n wá ń ka àwọn tó kù lórí ìka. Ọwọ́ kejì ò wọ̀ ọ́.

Wọ́n ti gbà pé àwọn á bá mi lọ sí Ọ̀rẹ̀ kí n tó padà, tí mo bá lè rí ọkọ̀ tí ìjókòó iwájú rẹ̀ fẹ̀, torí orúnkún wọn. Wọ́n fẹ́ fi ibi tí àgò adìyẹ yẹn wà hàn mí. Mo máa gbé ẹ̀rọ ìgbohùn dání.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ní ìyá tàbí bàbá tó wà ní Ọ̀rẹ̀, Oǹdó tàbí Òkìtìpupa lọ́dún yẹn, ẹ fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi. Ìṣẹ́jú méjì tó. Ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ Yorùbá ìwé o! Bí Ìkálẹ̀ bá ni, kí wọ́n sọ Ìkálẹ̀. Bí Oǹdó ni, Oǹdó. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbé sá, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó dìgbà kan ná.